Owó Fàdákà Àtijọ́: Ti Ọlọ́pẹ àti Ti Jámánì

  Lóṣù yìí, a kò ní dárúkọ àwọn tí ẹ̀yáwó ṣì wà lọ́rùn wọn. Akọ̀wé mọ̀ wọ́n, àwọn náà sì mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ owó mìíràn ni a fẹ́ bá yín sọ, owó tí kò ṣeé ná lọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìgbìmọ̀ wa.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ará Bẹ́yẹrúnkà, fẹ́ yá owó láti fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Onídùúró kan ṣoṣo ni ó rí mú wá, bẹ́ẹ̀ méjì ni òfin ẹgbẹ́ wí. Ni ìyá bá yọ ìdì aṣọ kékeré kan jáde, ó tú u sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí èyí ṣe onídùúró kejì fún mi." Owó àtijọ́ ni, ó pé 31. Baba baba rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìdì náà. Aláṣọ òkè ni baba ọ̀hún, ó máa ń kó aṣọ lọ tà ní Lómẹ̀ àti Atakpamé kí ogun 1914 tó dé. Baba ìyá wa sì fi kún un nígbà tirẹ̀, ó di 29. Méjì tó kù, ìyá fúnra rẹ̀ ló rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ohun àtijọ́ ní Ọjà'ba. Ọkùnrin náà sọ fún un pé "fàdákà Jámánì" ni, pé kò sí fàdákà tó dà bíi ti Jámánì láyé. Ewúrẹ́ méjì ni ìyá tà kí ó tó rí owó rẹ̀ san.

Àwọn méjì yìí tóbi, wọ́n ń dán, wọ́n dùn ún wò. Nínú àwọn 29, mọ́kàndínlógún pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mẹ́wàá sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ di méjì nínú ìgbìmọ̀. Ẹnìkan ní kí a gba gbogbo rẹ̀, pé ohun tó bá ti pẹ́ ti di iyebíye. Ẹlòmíràn ní kí a dá a padà, pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, a kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Akápò wa kò wí nǹkan kan. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn dúdú, ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí tó fi ń kọ mọ̀nà bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ rántí àtẹ́wọ́ yìí, a óò padà débẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò parí lọ́jọ́ yẹn. A yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù kan, a wá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran ka ìwé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, a sì jókòó ti owó náà fún ọjọ́ méjì. Ohun tí a rí ni a ń kọ sílẹ̀ yìí, torí a mọ̀ pé irú ìdì bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn nínú ọ̀pọ̀ ilé wa.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ jù ṣáájú, owó tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Àgbà Ìbàdàn mọ̀ pé ẹyọ là ń ná tẹ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, alágbára ló ń rù ú. (Ẹ má sì rò pé Jámánì kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹyọ o. Ilé-iṣẹ́ O'Swald ti ìlú Hamburg wà lára àwọn tó fi ọkọ̀ kó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì pọ̀ títí tí ẹyọ fi ń sọ iyì rẹ̀ nù.) Lẹ́yìn náà ni ṣílè fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gòkè bọ̀ láti Èkó, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1912 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ pé kí ó máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913 ni owó wọn ti jáde: tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì. Orí ọba wà níwájú ṣílè, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn.

Fàdákà gidi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pín irin owó náà sí ọ̀nà 1,000, fàdákà kó 925 níbẹ̀. Ṣílè méjì wúwo tó 11.3 gíráàmù, ṣílè kan jẹ́ 5.65. Ogun Àgbáyé Kìíní ló ba nǹkan jẹ́. Fàdákà wọ́n gógó, ìjọba sì rí i pé irin inú owó náà fẹ́ níye lórí ju owó fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1920 wọ́n yí padà sí idẹ. Ọ̀pẹ kan náà ni, títóbi kan náà, ìwé kan náà. Àmọ́ idẹ ni. Ọdún 1920 yẹn gan-an ní oríṣi méjì, ti fàdákà àti ti idẹ, nítorí náà ẹ má fi ọdún nìkan ṣe ẹ̀rí. Mọ́kàndínlógún tó pọ́n nínú ìdì ìyá, idẹ ni gbogbo wọn. Mẹ́fà nínú àwọn dúdú ni ṣílè méjì ti fàdákà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú ṣílè Nàìjíríà tó jáde ní 1959 nítorí pé ó funfun. Ká má tan ara wa, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀, náírà àti kọ́bọ̀ sì ti gba ipò rẹ̀ láti 1 January 1973.

Nínú àwọn dúdú mẹ́rin tó kù, mẹ́ta ni ẹyẹ idì wà lára wọn. A kà á: DEUTSCHES REICH, 1 MARK. Owó Jámánì gidi rèé, kì í ṣe ti ẹlẹ́kiri. Ìrìn àjò baba aláṣọ òkè ló gbé wọn dé Bẹ́yẹrúnkà. Jámánì ló ń ṣàkóso Tógò láti 1884, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi gbà á lọ́wọ́ wọn ní August 1914, kí ogun tó pé oṣù kan. Ní Atakpamé, àwọn Àná wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè tiwa, ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ kò ní ṣàìrí ẹni bá dúnàá-dúrà. Máàkì ni wọ́n fi ń san owó aṣọ fún baba náà nígbà mìíràn, ó sì fi mẹ́ta pamọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí olùrà mọ̀ níbí. Jámánì kò ṣe owó fàdákà ọ̀tọ̀ fún Tógò tàbí fún Kamẹrúùnù, owó ilé wọn gan-an ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ṣe rúpì fún. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé owó fàdákà tí a kọ Togo sí fún yín, tó ní ti ayé Jámánì ni, ẹ kí i pé ó kú ìrìn. Àwọn Faransé ló ṣe owó tí a kọ Togo sí, ní 1924, kì í sì í ṣe fàdákà.

Owó Jámánì ìgbà náà dùn ún mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ wọn di ọ̀kan ní 1871, àwọn ọba ìlú wọn kò kúrò lórí ìtẹ́. Ẹ rò ó bí ẹni pé Aláàfin, Ọọ̀ni, Awùjalẹ̀ àti Aláké fohùn ṣọ̀kan pé owó kan náà la ó máa ná, tó wúwo bákan náà, ṣùgbọ́n kí oníkálukú fi orí tirẹ̀ sára èyí tó tóbi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe. Máàkì 1 rí bákan náà níbi gbogbo, idì ló wà lára rẹ̀. Máàkì 2, máàkì 3 àti máàkì 5 ni orí ọba wà: ti Prussia, ti Bavaria, ti Saxony, ti Württemberg àti àwọn mìíràn. Hamburg kò ní ọba, ìlú oníṣòwò ni, àwòrán ilé olódi ni wọ́n tẹ̀ sára tiwọn. Ará Ìbàdàn á mọ adùn èyí, torí Baálẹ̀ làwa náà ní nígbà yẹn. Ọdún 1936 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Olúbàdàn.

Ibi tí iyì ti ń wá nìyí. Prussia tóbi, owó rẹ̀ pọ̀ lọ bíi ilẹ̀bẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké tí ọba wọn ṣe ìwọ̀nba owó díẹ̀, tiwọn ni àwọn akówójọ ń wá kiri. Ẹ tún wo lẹ́tà kékeré tó wà lára owó náà, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: A ni Berlin, D ni München, F ni Stuttgart, G ni Karlsruhe, J ni Hamburg. Lẹ́tà kan péré lè sọ owó méjì tó jọra di olówó àti tálákà.

A lè fi èyí tó súnmọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lẹ́yìn òmìnira mú máàkì 5 bọ̀ wálé. Láti 1951 sí 1974 fàdákà wà nínú rẹ̀, 625 nínú 1,000, ó sì wúwo tó 11.2 gíráàmù, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 7 gíráàmù. Láti 1975 kò sí mọ́. Èyí tí wọ́n kọ 1958 àti lẹ́tà J sí, 60,000 péré ni wọ́n ṣe, àwọn akówójọ sì ń ná owó gidi lórí rẹ̀. Èyí tí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ náà kò ṣòfò. Ilé ìfowópamọ́ àgbà Jámánì ṣì ń gba máàkì yẹn, wọ́n sì ń fi owó Euro pààrọ̀ rẹ̀, Euro 1 fún máàkì 1.95583. Ti ayé ọba wọn, ìyẹn èyí tó wà nínú ìdì ìyá, wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìṣirò tirẹ̀ rọrùn ṣá: fàdákà rẹ̀ jẹ́ 900 nínú 1,000, máàkì kọ̀ọ̀kan sì ní fàdákà gíráàmù 5. Máàkì 1 ní 5, máàkì 2 ní 10, máàkì 5 ní 25.

Ẹ̀kẹwàá nínú àwọn dúdú ló fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Ó fẹ̀ tó 40 mìlímítà, orí obìnrin kan tó sanra wà níwájú, ẹyẹ olórí méjì wà lẹ́yìn, ọdún rẹ̀ sì jẹ́ 1780. Ẹni tó ń kàwé fún wa fò sókè: ọdún 1780! Ìbàdàn wa yìí kò tíì rí bó ṣe rí nígbà náà! Ó rọra jókòó padà nígbà tó yá. Maria Theresa ni obìnrin náà, ọbabìnrin Austria, ọdún 1780 yẹn ló sì kú. Owó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní táálà, wu àwọn oníṣòwò Lárúbáwá, ti Etiópíà àti ti Sudan tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò gba òmíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní Vienna, ní Rome láti 1935, ní London láti 1936, ọdún tí wọ́n sì ń kọ sára gbogbo wọn kò yí padà. S.F. tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ ń tọ́ka sí Günzburg, ìlú kan tó wà ní Jámánì lónìí, níbi tí wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ nígbà ayé ọbabìnrin náà. Wọ́n kàn ń kọ S.F. náà lọ ni. Táálà dé Kano pẹ̀lú àwọn oníràkúnmí. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tó rin ìrìn àjò dé ibẹ̀ ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 2,500 ẹyọ ni wọ́n ń ṣẹ́ ọ̀kan sí. Ìyá rántí pé Hausa oníṣòwò obì kan, ọ̀rẹ́ baba òun, ló fún baba ní tirẹ̀. Ó wúwo tó 28 gíráàmù, fàdákà inú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 23. Iye fàdákà yìí ni ẹ máa gbà lé e lórí, kì í ṣe iye ọdún 1780. Bí ẹ bá sì ń pe owó Amẹ́ríkà ní dọ́là, orúkọ táálà yìí ló yí padà tó fi di bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku méjì tó ń dán, tí ìyá fi ewúrẹ́ rà. Ó dùn wá láti sọ èyí. Nǹkan kan wà tí àwọn olóyìnbó ń pè ní German silver. Ní Jámánì ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, láti fi ṣe ṣíbí àti àwo tó jọ fàdákà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká fàdákà. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n fi kún un. Fàdákà kò sí níbẹ̀ rárá, àní bí orí abẹ́rẹ́. Ẹlẹ́kiri náà kò tilẹ̀ parọ́ orúkọ, ìyẹn ló ń múnú bí wa. Ó pè é ní fàdákà Jámánì, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wà nínú orúkọ kò sí nínú irin. A wá a dé Ọjà'ba lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀? Òòfà kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Òòfà kì í fa fàdákà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ tàbí bàbà náà, torí náà ohun tó lè sọ kò ju pé "èyí kì í ṣe irin lásán" lọ. Fífi eyín gé e, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn eléré orí ìtàgé. Omi ló sọ òtítọ́. A kọ́kọ́ wọn owó náà ní gbígbẹ. A wá gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, a dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, a so owó náà mọ́ òwú, a rọra tì í bọ inú omi kí ó rì tán láìkan ìsàlẹ̀ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá kọ nígbà náà, a fi pín iye tó wúwo ní gbígbẹ. Bí owó fàdákà bá dára, èsì á wà ní 10 tàbí kí ó lé díẹ̀. Táálà ìyá: 28 ní gbígbẹ, 2.8 nínú omi, èsì 10. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán: 24 ní gbígbẹ, 2.8 nínú omi, èsì kò pé 9. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìyá, kò yí padà. Òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá gíráàmù ni kí ẹ lò o, ti elépo kò lè ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí àtẹ́wọ́ wa. Èyí tí akápò fi eérú fọ̀, ọ̀kan nínú àwọn máàkì mẹ́ta ni, òun sì ni ìyẹ́ idì rẹ̀ ṣì mú jù, tí a lè kà níkọ̀ọ̀kan. Dúdú tó wà lára owó fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni, akówójọ sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tíì yọ owó náà lẹ́nu. Eérú dà bí iyanrìn kíkúnná, ó ń họ ojú owó, ọsàn sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ojú rẹ̀ kún fún ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, ìyẹ́ idì ti parẹ́. Fàdákà gíráàmù 5 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akówójọ kò ní san ju owó irin lọ fún un mọ́. Kì í ṣe akápò nìkan ló jẹ̀bi, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. A ti bẹ ìyá, ìyá sì ní, "Ẹ̀yin náà ò kúkú mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ.

Ìṣirò gbogbo rẹ̀: ṣílè méjì fàdákà mẹ́fà ní fàdákà tó lé díẹ̀ ní 62 gíráàmù, máàkì mẹ́ta ní 15, táálà ní 23. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 101 gíráàmù. Mọ́kàndínlógún ti idẹ, ọmọdé lè fi wọ́n ṣeré tàbí kí akówójọ rà wọ́n ní pọ́ọ́kú. Méjì tí a fi ewúrẹ́ rà, òdo.

Alágbẹ̀dẹ tó yá wa ní òṣùwọ̀n ní òun á ra gbogbo èyí tó jẹ́ fàdákà lójú ẹsẹ̀, òun á yọ́ ọ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. A ní kí ìyá má tà á báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye tí fàdákà ń lọ lọ́jà ayé lọ́jọ́ náà, kí ó fi ìṣirò òkè yìí mọ ibi tí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, kó tó wá fi han ẹni tó ń kó owó jọ. Owó tí a bá ti yọ́, kò sẹ́ni tó lè ka ọdún rẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹ̀yáwó, ìgbìmọ̀ kò gba ìdì náà gẹ́gẹ́ bí onídùúró, nítorí iye fàdákà ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, a kò sì ní ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. A dá ẹyọ owó mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà fún ìyá lójú gbogbo ènìyàn, ó kà wọ́n, wọ́n pé. Akápò wa ló wá fọwọ́ síwèé ṣe onídùúró kejì, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ti dé Bẹ́yẹrúnkà.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílé lè mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Òṣùwọ̀n á wà níbẹ̀, ife omi á wà níbẹ̀, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ di ìkọ̀ọ̀kan sínú bébà tàbí aṣọ rírọ̀ kí wọ́n má baà máa họ ara wọn, ẹ dì í ní etí mú, ẹ má fọwọ́ pa á lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ wá.